Ẹ̀jẹ̀ Kan, Èsì Mẹ́ta

"Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Bàbá wí lórí fóònù. "Mo ti gbé e sórí sípíkà. Sọ ọ́ kí ìyá ẹ náà gbọ́."

"Méjìdínlọ́gọ́ta, Bàbá!" Fúnmiọlá ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀ yín ti wálẹ̀ sí méjìdínlọ́gọ́ta. Dókítà ní kó má ju àádọ́rin lọ. Ẹ ti yege o."

Bàbá hó yèè. Fúnmiọlá gbọ́ tí Màmá ń pàtẹ́wọ́, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run láìmí.

"Ó tán nìyẹn!" ni Bàbá wí. "Oògùn tó ń ta mí lẹ́sẹ̀ bí ìjàlọ yìí, èmi àti ẹ̀ ti parí ọ̀rọ̀. Lọ́la ni n ó lọ bá dókítà, kó wá mú ìlérí ẹ̀ ṣẹ."

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: dókítà ò ṣe ìlérí kankan pé òun máa dá oògùn dúró. Ohun tó sọ ni pé bí ọ̀rá náà bá lọ sábẹ́ àádọ́rin, òun á dín oògùn náà sí ìdajì, nítorí ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá. Kí Bàbá tó padà délé ní Ìdáṣẹn lọ́jọ́ náà, ìdajì ti di òdo lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́mi nìyẹn, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá di àgbẹ̀. Ohun tó bá wù ú ló ń gbọ́. Àmọ́ òun náà ni wọ́n fi ọ̀kadà gbé wá láti oko iṣu lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ rẹ̀ lórí àyà, òógùn bò ó. Dókítà ní ọ̀rá ló ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú ọkàn rẹ̀. Ohun kan náà ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Akínjídé, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lórí ìjókòó, kí wọ́n tó dé ìdí gbígba Ara Olúwa.

Fúnmiọlá gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì láàbù tó ti ń ṣiṣẹ́ nítòsí oríta Ìkàrẹ́, ní Ọ̀wọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fa ẹ̀jẹ̀ Bàbá láàárọ̀, òun náà ló gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ìlà kan ṣoṣo ló kà nínú èsì náà. Ìgbà tó fẹ́ fi ìwé sínú àpòòwé ló tó rí ìlà kejì.

Ọ̀rá oúnjẹ, ìyẹn èyí tó máa ń gbéra sókè téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tàbí mu nǹkan dídùn, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó irínwó.

"Yéè," ló wí. "Kí ni mo ṣe yìí?"

Ẹ̀rọ wọn kì í wọn ọ̀rá burúkú. Àpapọ̀ ọ̀rá ló ń wọ̀n, àti ọ̀rá rere, àti ọ̀rá oúnjẹ. Á wá yọ ọ̀rá rere kúrò nínú àpapọ̀, á tún yọ ìdá kan nínú márùn-ún ọ̀rá oúnjẹ, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń pè ní ọ̀rá burúkú. Ìṣirò àtijọ́ ni, kò sì burú, ọ̀pọ̀ èèyàn ló bá mu. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rá oúnjẹ bá ti ga bí irú èyí, ìdá kan nínú márùn-ún ti pọ̀ jù láti yọ. Èyí tó ṣẹ́ kù á wá kéré lórí ìwé, ọ̀rá burúkú á sì jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Olùkọ́ wọn pariwo èyí sí wọn létí títí nílé ẹ̀kọ́. Ọmọ ń dunnú, ó gbàgbé.

Ó fa ẹ̀rọ ìṣirò jáde, ó lo ìlànà tuntun tí kì í yọ iye kan náà fún gbogbo èèyàn. Méjìléláàádọ́rin. Ó ṣí fíríìjì, ó mú oògùn tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rá burúkú gan-an láìyọ nǹkankan, èyí tí ọ̀gá rẹ̀ ń pa mọ́ bí ẹyin. Ó fi wọn ẹ̀jẹ̀ tó kù, ó dúró ti ẹ̀rọ náà, ó ń gé èékánná jẹ.

Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún.

Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ìgò kan náà. Èwo ni kó wá dì mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

"Ta ló ní kó o ṣí ìyẹn?" Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ọlámúyìwá, ti dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Èsì bàbá mi ni. Mo rò pé a ti ṣì í."

Ọ̀gá tẹjú mọ́ ìwé náà. "Ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Mo ti sọ, sà. Wọ́n tiẹ̀ ti ń yọ̀."

"Ẹn-ẹ́n! Ohun tá a sọ láàárọ̀, ká tún lọ sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án? Ta ló máa gbé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wá síbí mọ́? Fúnmiọlá, ìṣirò yìí la ti ń lò látìgbà tá a ti ṣílẹ̀kùn. Bàbá ẹ ló jẹ́, ìyẹn ló ń dẹ́rù bà ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ẹ̀rù ń bà mí. Tí wọ́n bá fi nọ́ńbà yìí dín oògùn kù, tí nǹkan sì ṣe wọ́n, èmi ni mo fi ọwọ́ mi kọ ọ́."

Ọ̀gá mú ìwé náà, ó tún un wò.

"Àwọn tó kù ńkọ́?" ló wá wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Àwọn tí ọ̀rá oúnjẹ wọn ga bí irú èyí, tí wọn ò lọ́mọ nínú láàbù?" Kò dúró kó dáhùn. "Bàbá ẹ, ṣé inú òfìfo ni wọ́n wá?"

"Mo bi Màmá. Wọ́n ní wọn ò fẹnu kan nǹkankan láti alẹ́."

"Lọ bi wọ́n dáadáa. Lọ báyìí."

Fúnmiọlá pe Bàbá, kò wọlé. Ó pe Màmá, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó bẹ́ sórí ọ̀kadà. Gbogbo ọ̀nà Ìdáṣẹn, ohun kan ló ń rò: kí Bàbá má tíì da oògùn náà nù. Lẹ́yìn náà, ojú Akínjídé, ẹ̀gbọ́n Bàbá, lọ́jọ́ tí wọ́n kú ní ṣọ́ọ̀ṣì ló tún ń padà wá bá a, bí ìwé orin ṣe bọ́ lọ́wọ́ wọn, tí gbogbo èèyàn rò pé oorun ló ń kùn wọ́n. Ó ní kí ọlọ́kadà sáré. Ọlọ́kadà ní àǹtí, ihò ló pọ̀ lọ́nà, òun náà lọ́mọ nílé.

Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé, ibẹ̀ ló sì ti bá Màmá, tó ń fi omi ọṣẹ fọ ìgò. Ìgò mọ́ọ̀tì, ohun mímu dídùn nì, ni. Wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, agolo mílíìkì sì wà nínú garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Màmá, ṣé Ẹgbẹ́ Ìyá ṣèpàdé níbí ni?"

Ọwọ́ Màmá dúró nínú omi. Màmá, ìyẹn Ìyáàfin Zipporah, ò mọ irọ́ pa, tó bá sì pa ọ̀kan, ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń tú u.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ló wí.

"Ta ló mu gbogbo mọ́ọ̀tì yìí?"

"Ṣé o rántí bí bàbá ẹ ṣe dákú ṣubú lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀? Níwájú gbogbo èèyàn! Mo ní kí n bá a kó ẹ̀jẹ̀ jọ sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mọ́ọ̀tì àti mílíìkì, láàárọ̀, lálẹ́. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára."

"Àárọ̀ òní ńkọ́?"

Màmá wo ọ̀nà iwájú ilé. "Ìgò kan péré. Àti agolo mílíìkì kan. Ó ní òun ò ní mu, mo bẹ̀ ẹ́ títí."

"Màmá! Ẹ ní wọn ò fẹnu kan nǹkankan!"

"Má pariwo! Tí mo bá sọ, ẹ ò ní ní ká padà wá lọ́jọ́ mìíràn ni? Ọjọ́ mìíràn yẹn, ta ló máa gbé e jáde nílé? Ṣé o rò pé ó rọrùn láti gbé bàbá ẹ dé ìdí abẹ́rẹ́?" Omijé ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Kí ló dé? Ṣé ó ti bà á jẹ́?"

Fúnmiọlá sọ fún un. Màmá nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Jọ̀ọ́, má tíì sọ fún un lónìí. Látìgbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti kú, n ò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín báyìí. Jẹ́ kó sun oorun òní."

Ó ṣe Fúnmiọlá bíi kó gbà. Ó ṣe é gan-an. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ohùn Bàbá ní iwájú ilé, tó ń bá ẹnìkan tó ń kọjá sọ̀rọ̀: "Mo ti gba òmìnira o!"

Orí bẹ́ǹṣì ló bá a, páálí oògùn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ náà dé! O wá bá mi sin ín ni? Inú ṣáláńgá ni mo fẹ́ jù ú sí."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi." Ó kúnlẹ̀. "Nọ́ńbà tí mo sọ fún yín kì í ṣe òótọ́. A tún un wọ̀n. Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ló gbé jáde."

Ẹ̀rín kúrò lójú Bàbá díẹ̀díẹ̀. "Ẹ̀yin náà lẹ ní méjìdínlọ́gọ́ta. Ṣé ẹ̀rọ yín ń mutí ni?"

"Bàbá, àwọn tó ń ra kòkó yín, ṣebí wọ́n máa ń yọ ìwúwo àpò kúrò?"

"Olè ni wọ́n! Wọn ò wọn àpò rí. Iye kan náà ni wọ́n ń yọ lórí àpò gbogbo èèyàn."

"Ohun tí ẹ̀rọ wa ṣe nìyẹn. Ó yọ ti àpò jù, kòkó yín wá kéré. Ṣùgbọ́n kòkó yín ò dín."

Màmá ti dé ẹnu ọ̀nà, ó fara ti férémù.

"Èmi ni," ni Màmá wí. "Mọ́ọ̀tì tí mo fún yín ló bà á jẹ́. Bàbá Fúnmi, ẹ má bínú sí mi."

"Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n mu ún," ni Bàbá wí, kò wojú ẹnikẹ́ni. "Ọmọ yìí sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n mo rí bí ọwọ́ ẹ ṣe ń gbọ̀n lára ife náà. Mo ní tí n ò bá mu ún, ìwọ gan-an lo máa ṣubú." Ó yí páálí oògùn náà síwá sẹ́yìn. "Wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún Bọ̀ọ̀dá Akínjídé náà. Wọ́n ní kò sí nǹkankan. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà la sin wọ́n." Ó gbójú sókè. "Fúnmi, mélòó ni tèmi gan-an?"

"N ò mọ̀, Bàbá. Ó ju èyí tí mo kọ́kọ́ sọ lọ, ìyẹn dá mi lójú. Ẹ ṣíwọ́ mọ́ọ̀tì, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, n ó fi ọ̀nà méjèèjì wọ̀n ọ́n. Ẹ sì máa lo oògùn yín títí dìgbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Bàbá yọ hóró oògùn kan nínú páálí náà. "Zipporah, bá mi bu omi wá."

Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn méjèèjì jọ dé láàbù kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Báàgì ńlá kan wà lọ́wọ́ Màmá, ìgò mọ́ọ̀tì yọrí níbẹ̀. Fúnmiọlá wò ó.

"Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni," ni Màmá yára wí. "Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ o."

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló jáde wá kí wọn. Látọjọ́ náà ló ti ní kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni tí ọ̀rá oúnjẹ rẹ̀ ga ní èsì oníṣirò mọ́, ó sì ti pe àwọn kan padà. Ẹnìkan bú u lórí fóònù, ọ̀gá sì ní ó tọ́ sí òun. Wọ́n mú Bàbá dùbúlẹ̀ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó pajú dé, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, kò sì dákú.

Ọ̀rá oúnjẹ ti wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Ìṣirò mú mọ́kàndínlọ́gọ́rin jáde, oògùn inú fíríìjì mú méjìlélọ́gọ́rin. Àwọn méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kò. Fúnmiọlá kà á fún Bàbá, ó sì dúró de ìbínú rẹ̀.

"Ó ju àádọ́rin lọ," ni Bàbá wí.

"Ó jù ú lọ, sà."

"Oògùn ò kúrò nìyẹn." Ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Ó dáa. Ẹsẹ̀ á máa dùn mí, n ó máa fi rìn. Màmá Fúnmi, gbé mọ́ọ̀tì yẹn wá, kí àwa méjèèjì pín in."

Màmá ṣí ìgò náà, ó gbé e fún un, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ò mu nínú rẹ̀. Ó jókòó sórí àga tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀, ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè.

"N ò lè mu ún báyìí," ló wí. "Ó pẹ́ tí àyà mi ti ń lù kìkì, n ò sọ fún yín. Fúnmi, fa tèmi náà. N ò fẹnu kan nǹkankan láti alẹ́ àná."

Fúnmiọlá àti Bàbá wo ara wọn.

"Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí," ni Màmá wí, ó sì na apá rẹ̀.