Orúkọ Tí Mo Kọ Sínú Ìwé Àṣẹ Igbó

Láti Ọjọ́rú tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí ìwé àṣẹ náà fún mi ni ara mi ti ń yá gágá. Mo fi ìwé náà sínú ọ̀rá, mo fi ìborùn wé ọ̀rá náà, mo sì tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí mi. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí ọmọ mi Rachida bá ní òun fẹ́ wò ó, màá ní kí ó lọ fọwọ́ ná. Bí ó bá sì fọwọ́ dé, màá ní kí ó lọ jẹun.

Ẹ má dá mi lẹ́bi. Ìwé tí àwọn kan ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣèlérí pé àwọn yóò bá wa gbà, tí wọn kò gbà, èmi Sákínátù ni mo fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ gbà á. Igbó ìjọba kan tó wà lọ́nà Marabadiassa ni wọ́n kọ ìwé náà fún. Kì í ṣe igbó tí ènìyàn kàn ń yà wọ̀. Ó ní ọgbà, ó ní géètì, ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé àṣẹ, ẹnu géètì ni yóò ti padà sílé.

Bàbá ọkọ mi la tìtorí rẹ̀ gba ìwé. Kí Bàbá tó di oníṣòwò ní ìlú Bouaké tí a wà yìí, kí ó tó láya, kí ó tó bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí mo bá nílé, òṣìṣẹ́ ni nínú igbó yẹn. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, kò gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Dioula, iṣẹ́ tó rí kò sì ju kí ó máa gbin igi tíìkì lọ. Ọdún méjì gbáko ló fi gbìn ín. A ti gbọ́ ìtàn náà débi pé àwa gan-an lè sọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, Bàbá kò fojú kan àwọn igi náà mọ́. Òwò kò jẹ́, lẹ́yìn náà ogun kò jẹ́, lẹ́yìn náà orúnkún kò jẹ́. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin báyìí, ó sì ti di ẹrù rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ yóò gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì ní padà wá mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè lọ́wọ́ wa. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n rí àwọn igi mi kí n tó lọ."

Sátidé nìkan ni wọ́n fún wa, ọjọ́ kan péré. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n sì ń ti géètì. Ẹni tí kò bá tíì wọlé nígbà náà kò wọlé mọ́.

Ilẹ̀ Sátidé náà kò tíì mọ́ tán tí ilé wa ní àdúgbò Kennedy ti ń hó. Mo ti din ẹja tí wọ́n gbé wá láti Béoumi, mo ti bu àtíkẹ́, oúnjẹ tí wọ́n fi gbágùúdá ṣe, sínú abọ́ ńlá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ẹni tí mò ń pè ní Eyínafẹ́ nítorí àlàfo tó wà láàárín eyín rẹ̀, wọ bàtà tuntun, mo sì sọ fún un pé igbó là ń lọ o, a kò lọ sí ìsọmọlórúkọ. Ó ní bàtà òun kì í ṣe ẹjọ́ mi. Akọ̀wé, àbúrò ọkọ mi, ló ń wa mọ́tò. Ìlú yìí ni wọ́n ti bí i, ibí ló ti kàwé. Nígbà tí mo wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ọmọ iléèwé ni, kì í gbé ìwé sílẹ̀, ni mo bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì báyìí, òun náà ló sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣèlérí.

Bàbá ńkọ́? Bàbá ti wà nínú mọ́tò láti aago márùn-ún, ó dé fìlà, ó gbé ọ̀pá lé orúnkún. Nígbà tí bàbá Rachida, ọkọ mi, ní kí ó wá mu kòkó díẹ̀ kí a tó lọ, ó ní kí wọ́n gbé e wá bá òun níbẹ̀, òun kò sọ̀ kalẹ̀.

Lójú ọ̀nà, kò sí igi ńlá kan tí a kọjá tí Rachida kò bi bàbá àgbà rẹ̀ pé, "Papi, ṣé èyí ni?" Bàbá yóò ní, "Rárá o, tèmi dára ju èyí lọ." A rẹ́rìn-ín títí a fi dé ẹnu géètì ní aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀. Ayọ̀ kún inú mi. Mo ti ń rò ó pé ọpẹ́ tí wọn yóò dá fún mi lọ́jọ́ náà yóò pọ̀.

Obìnrin kan la bá lẹ́nu géètì, wọ́n kọ Agnes sí àyà aṣọ rẹ̀. Ó kí wa dáadáa. Mo tú ìborùn, mo tú ọ̀rá, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà fún un bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun. Ó ní kí a kó kátì ìdánimọ̀ wa wá, a sì kó o fún un. Ó wo ìwé, ó wo kátì, ó tún wo ìwé.

"Oyèkàn Sákínátù." Mo dáhùn. "Oyèkàn Rachida." Rachida na ọwọ́ sókè. Lẹ́yìn ìyẹn ni Agnes fi ìka tẹ ìlà kẹta.

"Ta ni Baba Rachida?"

Ọkọ mi ní òun ni.

"Kátì yín kò sọ bẹ́ẹ̀. Ta ni Eyinafe? Ta ni Akowe?" Ó yí ìwé náà sọ́dọ̀ wa. "Ta ni Baba Wa?"

Akọ̀wé gba ìwé náà kà, ó sì fi ọwọ́ bo ojú. "Tantie, c'est pas vrai, kò lè jẹ́ òótọ́," ó ní. "Orúkọ tí ẹ fi ń pè wá nínú ilé lẹ kọ fún ìjọba?"

Kí ni kí n ti kọ? Ìyàwó ilé ni mí. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti wọ ilé yìí, n kò sì pe orúkọ ẹnikẹ́ni tí mo bá níbẹ̀ rí. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn: ẹni tí wọ́n bá ti bí sílé ọkọ kí ìyàwó tó dé, ì báà jẹ́ ọmọ ọmú, ìyàwó yóò wá orúkọ mìíràn tí yóò máa fi pè é. Ọkọ fúnra rẹ̀, orúkọ ọmọ la fi ń pè é. Nígbà tí ọkùnrin tó wà ní ọ́fíìsì gbé fọ́ọ̀mù fún mi pé kí n kọ gbogbo ẹni tó ń bọ̀, mo mọ ohun tó wà nínú kátì wọn. Ọwọ́ mi ló kọ̀. Ṣé kí n kọ orúkọ bàbá ọkọ mi gbalaja síbẹ̀, kí àjèjì máa lu òǹtẹ̀ lé e lórí? Mo rò pé iye wa ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Ọkùnrin náà kò sì bi mí léèrè ohunkóhun. Fóònù ló gbé sétí, ó lu òǹtẹ̀, ó ní ó dàbọ̀.

"Ẹ̀yin àti ọmọ yín lè wọlé," Agnes sọ fún mi. "Àwọn tó kù, rárá."

Èmi àti Rachida. Kí ni èmi ń wá nínú igbó? N kò gbin ewé kan síbẹ̀.

Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́, Akọ̀wé da Faransé bò ó, Eyínafẹ́ yíjú sí mi. "Ìyàwó, ohun tí o ṣe fún wa lónìí, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n." Èmi náà ṣetán láti fún un lésì, ṣùgbọ́n mo rí Bàbá. Ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, ó gbé orí sókè, ó ń wo téńté àwọn igi tó wà lẹ́yìn ọgbà. Bí ó ṣe jókòó yẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ Eyínafẹ́ lọ. Ojú tì mí, inú sì bí mi sí ara mi.

Agnes wọlé lọ pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tó jáde, ó dúró níwájú mi.

"Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé nìkan ló lè tún un ṣe," ó ní. "Màá di àwọn kátì yìí mú. Ẹ̀yin yóò fi ẹnu yín pe orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú kátì. Bí ó bá bá a mu, màá kọ ọ́. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ bá yín sọ ọ́. Mo gbọ́dọ̀ rí i pé ẹ mọ àwọn tí ẹ kó wá."

Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Mo ní ṣé ìyẹn náà ni, kò ju kí n la ẹnu lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí àbúrò. "Oyèkàn Ismaël." Òógùn bò mí bí ẹni tó jalè. Akọ̀wé kàn mi orí, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí n tó pe ti ẹ̀gbọ́n: "Oyèkàn Sèlíátù." Eyínafẹ́ ní kí n dìde kíákíá, kí n má fi ìkúnlẹ̀ pa àkókò. Ó kan ọkọ mi. "Oyèkàn Láńre." Rachida bú sẹ́rìn-ín, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí. Bàbá rẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn, mo rí i.

Ó wá ku Bàbá.

Mo la ẹnu, ohùn kò jáde. Mo tún la ẹnu. Orúkọ náà wà lórí ahọ́n mi, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ tèmi, ṣùgbọ́n ó jókòó síbẹ̀, kò dìde. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Omi ti ń lé ròrò lójú mi.

"Ẹ̀yin Anago," Agnes ní, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níhìn-ín, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Èmi lè ní sùúrù, madame. Ọ̀gá mi ló ń wo aago."

Bàbá dìde. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó sì rìn wá síwájú mi.

"Sákínátù, pè mí."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní kí o pè mí. Èmi ni mo rán ọ. Ẹni tó bá fẹ́ bínú sí ọ, kí ó wá bá mi."

Mo kúnlẹ̀ sínú yẹ̀pẹ̀, mo di ojú.

"Oyèkàn Tàjúdínì."

"Présent, chef."

Mo la ojú. Ohùn tó dáhùn yẹn kì í ṣe èyí tí mo mọ̀. Bàbá dúró ṣánṣán, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtan, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó dà bíi pé ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Agnes dá ìwé kíkọ dúró.

"Bí Lawrence ṣe máa ń pè wá nìyẹn, tí a ó sì dáhùn pé a wà níbí," Bàbá sọ fún wa. "Òun ni ọ̀gá òṣìṣẹ́. Ẹnu géètì yìí gan-an ni, láràárọ̀, kí wọ́n tó fún wa ní igi tí a máa gbìn. Bí o kò bá tètè dáhùn, kò sí iṣẹ́ fún ọ lọ́jọ́ náà. Èmi kì í pẹ́ dáhùn."

Agnes kọ orúkọ náà. Mo fọwọ́ sí i. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méjì ló ṣí géètì fún wa.

Ta ló rántí orúnkún? Bàbá ti ṣáájú gbogbo wa. Akọ̀wé gbé ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ lé e, Bàbá kò gbà á. Ewé gbígbẹ ń ró lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, àwọn igi náà sì tò lọ rẹrẹrẹ títí ojú kò fi lè bá wọn lọ mọ́. Bàbá yà sọ́tùn-ún lẹ́bàá àpáta kan, ó ka ìlà kan, ó ka èkejì, ó dúró ní ẹ̀kẹta.

"Tèmi rèé," ó ní. "Láti ibi àpáta yìí dé etí omi. Kò ju ìka mi lọ nígbà tí mo rì í mọ́lẹ̀."

Akọ̀wé fi apá gbá èyí àkọ́kọ́ mọ́ra, ọwọ́ rẹ̀ kò ká a. Rachida sáré wọ àárín ìlà, ó ń kà wọ́n lédè Faransé sókè. Eyínafẹ́ bọ́ bàtà tuntun, ó ń fẹsẹ̀ lásán rìn kiri, ó ń fọwọ́ kan igi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé abọ́ àtíkẹ́ sínú mọ́tò.

Bàbá pè mí sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti fi ẹ̀yìn ti igi kan.

"Láti ìgbà tí mo ti kúrò níbí," ó ní, "àwọn tó lè pe orúkọ mi ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lawrence ti lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Bàbá ni mo jẹ́ fún gbogbo ayé báyìí. Bí mo bá dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sí ẹni tó jù mí lọ mọ́ lágbo ilé wa. N kò ní gbọ́ ọ mọ́." Ó fọwọ́ nu ojú. "Pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí àwọn igi yìí mọ̀ pé mo dé."

Mo wo ọkọ mi. Mo wo Eyínafẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí n kò kúnlẹ̀, n kò sì di ojú. Mo dúró bí ọ̀gá òṣìṣẹ́, mo gbé ohùn sókè débi tó lè dé etí omi.

"Oyèkàn Tàjúdínì."

Ó dáhùn. Mo tún pè é.