Èmi Ni Ìyálé, Èmi Ni N Ó Kọ́kọ́ Wọlé

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìgbéraga kì í ṣe ènìyàn lóore, ẹ ní kó wá bá mi ní Bẹyẹrúnkà. Ìgbéraga tèmi gba ẹ̀mí là.

Ọdún 1958 ni. Sìdí, ìyàwó tí Gàníyù ọkọ mi fẹ́ lé mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ni ọmú rẹ̀ òsì bá wú, ó le, ó gbóná bí ìkòkò orí iná. A fi omi gbígbóná jó o títí, kò gbọ́. Ìyá ń sunkún, ọmọ ń sunkún. Gàníyù ní kí n mú un lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ Àtàláátà. Mo kùn láti ilé títí a fi kọjá Bẹẹrẹ. Kí ló kàn mí nínú kí wọ́n máa tú àyà sílẹ̀ fún àlejò wò?

Nọ́ọ̀sì kan yọjú láti inú yàrá, Clara ni wọ́n ń pè é, ọmọ Òkè Padre, sítáàṣì mú kí aṣọ rẹ̀ le gbagidi. Ó pe Sìdí. Èmi ni mo dìde.

"Ìyá, ẹ jókòó. Ìyàwó yìí ni mo pè."

Háà! Èmi tí mo ti wà nílé ọkọ kí wọ́n tó bí Sìdí? Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, nílé tiwa, ìyàwó kì í ṣíwájú ìyálé. Èmi ni ìyálé, èmi ni n ó kọ́kọ́ wọlé."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ẹ wọlé. Ẹ bọ́ bùbá."

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ojú ń tì mí láti yíhùn padà níwájú Sìdí, ni mo bá bọ́ bùbá. Clara tẹ ọmú òsì yípo, ó tẹ abíyá, ó bọ́ sí ọ̀tún, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n ata l'Ọ́jà'ba. Lójijì ó fi ọ̀rọ̀ ata sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ padà sí ojú kan náà.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé nǹkan wà níbí?"

Ó fi ìka mi kàn án. Kókó ni, ó tó awùsá kékeré. Jẹjẹrẹ ọmú ló pa ìyá tó bí mi. Odidi ọdún méjì ló fi di ọ̀já mọ́ àyà, a rò pé òtútù ló ń mú un. Ìgbà tí egbò ń rùn la tó mọ̀.

Ó yẹ Sìdí náà wò, ó ní wàrà ló dì sí i lọ́mú, ó fún un lábẹ́rẹ́, ó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fún wàrà náà jáde. Ní tèmi, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀ kí dókítà rí mi.

Àwọn ọjọ́ yẹn, mo bá ènìyàn jà, mo bá ewúrẹ́ jà. Èjìdé, àkọ́bí mi, lóyún sínú, ẹ̀rù sì ń bà mí pé n kò ní fojú kan ọmọ tó fẹ́ bí. Sìdí nìkan ló mọ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Jímọ̀ dé, ó pọnmọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Ìyá Èjìdé, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ta ló bẹ̀ ọ́?"

"Ẹ máa bú mi bọ̀ lọ́nà."

Dókítà tẹ kókó náà, ó mú abẹ́rẹ́ gígùn. Mo di ọwọ́ Sìdí mú débi pé òun ló ké. Ohun tí abẹ́rẹ́ fà jáde, omi ni, ó rí bí omidùn. Dókítà ní kí n fọwọ́ wá kókó náà. Mo wá a, mo tún wá a. N kò rí i mọ́.

"Omi lásán ni, Màmá. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ẹ máa wá ká máa yẹ̀ yín wò."

"Alhamdulilahi!" Igbe tí mo fi bọnu, àwọn tó wà níta dìde. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo ra mọ́ínmọ́ín fún Sìdí lọ́nà, èmi tí n kì í fún un ní omi mu.

Nígbà tí a délé, n kò fi bò. Níwájú gbogbo ìyàwó ilé, mo là á mọ́lẹ̀: "Kókó wà lọ́mú mi. Wọ́n ti fà á. Omi ni."

Gàníyù ní, "Ìyá Èjìdé, ṣé ọ̀rọ̀ tí à ń sọ ní gbangba nìyí?"

"Òun náà ni."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Morádéyọ̀, ìyàwó Àkíbù àbúrò ọkọ mi, yọ sí yàrá mi. Èmi àti ẹ̀ ò kí ara wa láti ìgbà àwẹ̀. Ó ní òun wá tọrọ iyọ̀. Iyọ̀ kẹ̀? Ṣebí ojú mi ló ṣe ra odidi kóńgò láàárọ̀!

Mo ní, "Morádéyọ̀, òsì ni àbí ọ̀tún?"

Omi lé sí i lójú. "Ọ̀tún ni. Láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀."

Lọ́jọ́ Àtàláátà, èmi ni mo fà á lọ́wọ́ lọ bá Clara. N kò ní parọ́ fún yín, tirẹ̀ kì í ṣe omi. Wọ́n gé ọmú náà, gbogbo wa sì sunkún ẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà ní ó tètè wá, àìsàn náà kò tíì ràn kọjá ibẹ̀.

Ọdún kẹwàá rèé. Morádéyọ̀ ń bẹ, ó sanra, ẹnu ẹ̀ ò sì sinmi. Láàárọ̀ yìí ló tún ká aṣọ mi kúrò lórí okùn kó lè rí ibi sá tirẹ̀. Mo bú u, ó bú mi padà, inú mi sì dùn débi pé mo gbàgbé èébú tó kù.