Ẹja Mẹ́ta Inú Korobá

Ẹni tó bá wọ ilé Bàbá Onígíláàsì lọ́sàn-án, àfi kó kọ́kọ́ dúró díẹ̀ kó tó mọ̀ pé orí ilẹ̀ lòun ṣì wà. Àpótí dígí kan, tó gùn tó ibùsùn ọmọdé, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀. Bí oòrùn bá ti kan omi inú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa jó lórí àjà, á rọra rìn lára ògiri, á sì gba ojú àwòrán àwọn òbí bàbá náà kọjá bí ẹni ń fọwọ́ pa wọ́n lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹja mẹ́sàn-án ló ń gbé inú omi náà, kò sí èyí tó ju ìka ọwọ́ lọ, àwọ̀ wọn dà bí ọsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Wọn kì í dá rìn. Bí ọ̀kan bá yí, gbogbo wọn á yí, bí ẹni pé ọkàn kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń lò.

Ogójì ọdún ni Bàbá Onígíláàsì fi ń gé dígí ojú fún ẹlòmíì. Nígbà tí ojú tirẹ̀ wá ń ṣú, tí dókítà ní kò sí gíláàsì tó lè ràn án lọ́wọ́ mọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó ra àpótí, ó ra iyọ̀ òkun tí wọ́n ń pò sómi ẹja, ó ra ẹja. Kì í rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ ọsàn kan tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú omi ló ń rí, ìyẹn sì tó o. Láràárọ̀ ni yóò fara ti dígí náà, tí yóò ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán."

Àbúrò rẹ̀ obìnrin kó wá bá a gbé nígbà tí òun náà fẹ̀yìn tì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tọ́jú àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé ní ilé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì sì ni gbogbo ayé ń pè é, títí kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ́jọ́ tó dé, ó gbé ẹrù kalẹ̀, ó wo omi náà títí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹja tí a ò lè jẹ, kí la fẹ́ fi ṣe?"

"Ṣé gbogbo ohun tó wà nílé la máa ń jẹ ni? Ṣó o ti jẹ àga rí?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi rí èyí tó kọ́kọ́ kú. Ó sùn sẹ́yìn òkúta, ikùn rẹ̀ ti wọlé, ó tín-ín-rín bí òwú. Nọ́ọ̀sì mọ ebi tó bá rí i. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń da oúnjẹ sómi, ẹ̀kúnwọ́. Àwọn alágbára á jẹ àjẹyó, kò ní kan àwọn tó kù, ìyókù oúnjẹ á sì jẹrà sísàlẹ̀. Nígbà tí bàbá wọ balùwẹ̀, Nọ́ọ̀sì sin ẹja náà sábẹ́ òdòdó inú ìkòkò, ó sì gba ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta irú ẹja náà lọ.

"Inú òkun, àtàárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n fi ń jẹun," ni ẹlẹ́ja sọ. "Díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, bí omi bá ṣe ń gbé e kọjá."

"Bí àwọn ọmọ mi ní wọ́ọ̀dù nígbà náà," ni Nọ́ọ̀sì wí.

Láti ọjọ́ yẹn, ìgbà mẹ́fà lóòjọ́ ló ń bu oúnjẹ fún wọn, bíńtín báyìí, bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ó ń wọn iyọ̀ omi, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn méjì kan ti rù kọjá àtúnṣe. Àwọn náà kú. Ó ku mẹ́fà. Láràárọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń kí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ẹnu Nọ́ọ̀sì sì wúwo. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ sọ irú rẹ̀ fún ẹni tí kò ní ohun mìíràn tó ń wò?

Ó ra mẹ́ta sí i. Ẹlẹ́ja kìlọ̀ fún un pé kó má dà wọ́n mọ́ ará ilé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àlejò lè gbé àìsàn wọlé. Korobá ńlá kan ló fi wọ́n sí nínú yàrá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi.

"Nọ́ọ̀sì, kí ló ń kùn ní yàrá rẹ?"

"Fáànù ni."

"Fáànù, nínú òtútù yìí?"

"Ooru àgbà ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Hùn-ún."

Kíkùn ẹ̀rọ náà máa ń mú kó sùn lọ́sàn-án. Nínú oorun, ó máa ń rí wọ́ọ̀dù rẹ̀ àtijọ́, tí omi kún un dé àjà, tí àwọn ọmọ kéékèèké jáde nínú ibùsùn wọn, tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láìsí ẹni tó ń sunkún. Á jí, ara rẹ̀ á fúyẹ́, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde lómi.

Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, ó dúró kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ gẹrun. Nígbà tó gbọ́ ìlẹ̀kùn, ó bu ẹja mẹ́ta náà sínú abọ́, ó gbé e jáde. Bàbá Onígíláàsì kò jáde rárá; ó jókòó sórí àga pálọ̀.

"Mélòó ló wà nínú abọ́ yẹn?"

Nọ́ọ̀sì dúró gbagidi. "Mẹ́ta, sà."

"Ojú mi ló ṣú, etí mi ò ṣú. Bí oúnjẹ bá ti bọ́ sómi, mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń já a gbà, tó, tó, tó, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ tí òjò yẹn ti ń dá."

"Ẹ sì ń kí mẹ́sàn-án lójoojúmọ́!"

"Ìwọ lò ń sáré kiri nítorí tèmi. Mi ò fẹ́ já ọ kulẹ̀." Ó yíjú sí àpótí náà. "Kí ló pa wọ́n?"

"Ebi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọwọ́ mi ni, nígbà náà."

"Ẹ ò mọ̀ ni. Èmi náà, ọmọ tó kọ́kọ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù, mi ò mọ̀ ni."

Kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Bàbá na ọwọ́ wá ọwọ́ rẹ̀, ó dì í mú.

Lẹ́yìn náà, wọ́n jọ ṣe é. Bàbá fi ife bu omi àpótí sínú abọ́ níwọ̀nba, ó dúró, ó tún bu, fún odindi wákàtí kan, kí omi tuntun má bàa bá àwọn àlejò lójijì. Nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀, mẹ́ta náà sá sẹ́yìn òkúta. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn onílé lé ọ̀kan kiri.

"Kí ni wọ́n ń ṣe?" ni bàbá béèrè.

Lọ́tẹ̀ yìí, Nọ́ọ̀sì kò parọ́ fún un. "Méjì ti ń yọjú. Ọ̀kan ṣì ń gbọ̀n."

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Méjì darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́ kẹrin ni ìkẹta dara pọ̀ mọ́ wọn, kò sì sí ẹni tó rí i nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ilé ìdáná ni wọ́n wà, wọ́n ń jiyàn kíkankíkan lórí ẹni tó gbàgbé omi tíì sórí iná.