Ọwọ́ Òsì Dárasími

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni: ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n gbá, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ nìkan ni, kò sí ìtàn níbẹ̀. Ti èkejì ni a fẹ́ sọ.

Dárasími ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí ìyá ìyá rẹ̀ ń lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀fúùfù ni orúkọ tí ó sọ ara rẹ̀. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn jẹ́sì rẹ̀, lókè nọ́ńbà kìn-ín-ní. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn fóònù rẹ̀. Ó tún fẹ́ kọ ọ́ sára ògiri ilé, àfi ìgbà tí Màmá Rúùtù, ìyá ìyá rẹ̀ yìí, bi í bóyá ẹ̀fúùfù náà ni yóò wá kun ògiri ọ̀hún padà. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Ó ga débi pé ó máa ń tẹríba kí ó tó wọ ṣọ́ọ̀bù, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n a sì máa rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni.

A kò ní purọ́ mọ́ ọn. Bí ó bá fò sókè ní ọ̀sán Sátidé, tí ó fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, àwọn tó ń ti Ọjà Igbó bọ̀ a dúró tẹrùtẹrù lẹ́bàá pápá láti wò ó. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí ni kí bọ́ọ̀lù ti ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíì.

"Bọ́ọ̀lù tó bá ti wọ ọwọ́ Sími," ni Anas, ọmọ Sábó tí wọ́n jọ ń gbá a, máa ń wí, "ẹ̀wọ̀n gbére ló wọ̀ yẹn. Béèlì ò sí."

Gbogbo Sátidé náà ni fídíò rẹ̀ máa ń jáde lórí sítétọ́ọ̀sì Wáàsáàpù rẹ̀. Ó ní bí ó ṣe ń gé e. Kò sí èyí tí bọ́ọ̀lù kò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí èyí tí ojú ẹlòmíì hàn nínú rẹ̀ délẹ̀. Anas wo ọ̀kan títí, ó mi orí.

"Sími, jọ̀ọ́, ta ló gbé bọ́ọ̀lù yìí fún ẹ? Àbí ọ̀run ló ti já bọ́?"

"Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú ẹ, ṣé oúnjẹ lò ń yà ní fọ́tò ni, àbí ẹni tó gbé e wá?"

Ẹni tó ń gbé e wá ni Timothy. Láti Iresa ni Timothy ti ń bọ̀, lórí ọ̀kadà, pẹ̀lú bàtà rẹ̀ nínú ọ̀rá. Nígbà tí owó tí wọ́n dá kò ká jẹ́sì tirẹ̀ mọ́, ìyá rẹ̀ fi aṣọ pupa gé nọ́ńbà méjìlá, ó rán an sí ẹ̀yìn ẹ̀wù kan fún un, eéjì náà sì wọ́ sápá kan bí ẹni tí inú ń run. Fún ọdún mẹ́rin gbáko ni Timothy fi ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọ̀tá, tí ó ń gbé e fún Dárasími, tí ó sì ń sáré padà sẹ́yìn láti lọ ṣọ́ ẹni tó yẹ kí Dárasími máa ṣọ́. Kì í sọ̀rọ̀. Mí ni ó máa ń mí.

Kóòṣì wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ebenezer, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni, kì í sì í pariwo, nítorí ó ti lo agbára rẹ̀ tán ní ọ́fíìsì kí ó tó dé pápá. Ní ọjọ́ kan ó pe Dárasími sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, a ń lọ bá àwọn Ọ̀yọ́ gbá nílé wọn. Ìyáàfin Comfort ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá wò wá."

Dárasími mọ orúkọ náà. Gbogbo ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló mọ̀ ọ́n. Ìyá náà gbá a nígbà èwe rẹ̀, òun ni ó sì ń ṣa àwọn ọmọ sí ibùdó kan ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ bọ́ọ̀lù fún ọdún méjì, tí wọ́n tún ń rán èèyàn ní yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́. Màmá Rúùtù kò lè rán an lọ, bàbá rẹ̀ kò sì sí mọ́. Ibẹ̀ nìkan ni ọ̀nà wà.

"Ẹni mélòó ló fẹ́ mú, sà?"

"Ẹyọ kan. Kì í sì í ṣe ẹni tó ń fò ló ń wá. Àkèré náà ń fò. Agbábọ́ọ̀lù tó pé ló ń wá."

"Kí ló wá kù lára mi tí kò pé?"

"Ohun méjì. Ọwọ́ òsì ẹ ti kú. Ojú ẹ náà ò jí."

"Ojú mi kẹ̀? Sà, mo máa ń ka nọ́ńbà mọ́tò láti òdìkejì títì."

"Àwọ̀n lò ń rí. Èèyàn ni mo ní kí o máa rí."

Dárasími ronú sí i lọ sílé. Ohun méjì ni wọ́n ní kí ó tún ṣe, ọ̀kan ni ó sì mú. Ọwọ́ òsì ṣe é yà ní fídíò. Ojú kò ṣe é yà.

Ọwọ́ òsì náà kò sì kú fúnra rẹ̀. Màmá Rúùtù ni ó pa á. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti ń rákò ni ó ti jẹ́ pé bí ó bá na òsì sí nǹkan, orógùn a pàdé rẹ̀ lọ́nà. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," ni màmá yóò wí, "ká má tíì sọ pé ká fi gba ẹran." Nígbà tí ó fi pé ọmọ ọdún márùn-ún, ọwọ́ náà ti gbọ́n. Ó kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, bí àlejò tí a kò fi ìjókòó lọ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un láyé, a kì í sì í dárúkọ iṣẹ́ ọ̀hún nídìí oúnjẹ. Orógùn kan náà tí ó kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ni ó ba agbábọ́ọ̀lù jẹ́.

Àṣẹ Kóòṣì ni pé kí ó fi òsì ṣe ohun gbogbo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: kí ó fi fọ eyín, kí ó fi mú ṣíbí, kí ó fi ṣílẹ̀kùn. Kóòṣì gbàgbé láti sọ pé àfi níwájú àgbà.

Ní ọjọ́ kẹrin, Dárasími ń bá Màmá Rúùtù ta pànlá ní Ọjà Igbó nígbà tí Bàbá Ọlọ́runnísọ̀lá, àgbà ìjọ wọn, wá ra ti ọjọ́ Àìkú. Dárasími di pànlá náà dáadáa, ó rẹ́rìn-ín sí bàbá dáadáa, ó sì fi ọwọ́ òsì nà á sí i.

Bàbá wo ọwọ́. Ó wo ẹja. Ó wo ọ̀run.

"Rúùtù! Ṣé ojú mi ni, àbí òsì ni ọmọ yìí fi ń na ẹja sí mi?"

"Yéè! Ẹ má bínú, bàbá. Ara rẹ̀ ni ò yá."

"Irú àìsàn wo nìyẹn?"

"Bọ́ọ̀lù ni, sà."

Bàbá ní àìsàn náà kò ju àdúrà lọ. Ó bọ́ fìlà, ó di ọwọ́ òsì náà mú, ó sì bẹ Ọlọ́run lójú ọjà pé kí Ó dá ọwọ́ tó ń ṣàfojúdi yìí dúró, kí ó má lè dáwọ́ lé nǹkan kan kó yọrí. Gbogbo àwọn oníṣọ́ọ̀bù ló ṣe àmín. Dárasími nìkan ni kò ṣe é.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà jí. A gbọ́dọ̀ fún ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: ó ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú, ó ti ń fi òsì lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ yí ilé ká, àwọn adìyẹ a sì máa sá fún un. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ń fi òsì ju mẹ́fà nínú mẹ́wàá sáwọ̀n. Mẹ́fà náà ni ó gbé sórí sítétọ́ọ̀sì.

"Ojú ńkọ́?" ni Kóòṣì bi í.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe ti ọwọ́ tán ná, sà."

Ọjọ́ pé. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ọ̀yọ́, àwọn ará Ọ̀yọ́ sì ti ń dúró dè wọ́n pẹ̀lú ẹnu. Bí Dárasími ti ń tẹ̀ yọ jáde nínú bọ́ọ̀sì, ọmọbìnrin kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ káàbọ̀ o, ará Ògbómọ̀ṣọ́! A ò ní iná láti ọjọ́ mẹ́ta, òpó lẹ wá gbé wá fún wa!" Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Dárasími juwọ́ sí wọn. Ó rò pé wọ́n ń kí òun ni.

Ìyáàfin Comfort jókòó sábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú bírò àti ìwé. Obìnrin kúkurú ni, kì í pàtẹ́wọ́, kì í bú èèyàn. Nígbà tí ìdíje fi dé ìdajì, Dárasími ti fi ọ̀tún jù ú wọlé títí, ó ti fò lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ti wo abẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bírò ìyá náà kò mira.

Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ. Ọ̀yọ́ ní mọ́kànléláàádọ́ta, Ògbómọ̀ṣọ́ ní àádọ́ta. Timothy já bọ́ọ̀lù gbà, ó gbé e fún Dárasími gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì sáré lọ sẹ́bàá àwọ̀n. Ọmọ Ọ̀yọ́ méjì dìde, wọ́n dí ọ̀nà ọ̀tún pa. Wọ́n ti wo fídíò rẹ̀.

"Timothy dá wà!" Anas ni ó ń pariwo. "Sími! Timothy dá wà níbẹ̀ yẹn!"

Dárasími kò gbọ́. Àwọ̀n ni ó ń rí, àti àwọn fóònù tí èrò gbé sókè, àti ọwọ́ òsì rẹ̀ tí gbogbo ayé ń dúró dè. Ó yí sápá òsì, ó fò, ó sì jù ú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í ṣe ẹgbẹ́ ọdún méjìdínlógún. Bọ́ọ̀lù náà fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbágbáràgbá bí ewúrẹ́ tó ń fo ọgbà, kò tilẹ̀ yà sọ́dọ̀ àwọ̀n kí i, ó kọjá níwájú rẹ̀, ó sì lọ bọ́ wẹ́rẹ́ sọ́wọ́ Timothy, tí ó dúró níbi tí wọ́n ti ń sọ fún un láti ọdún mẹ́rin pé kí ó máa dúró sí. Timothy rọra gbé e sínú àwọ̀n. Fèrè dún.

Dárasími ti ń gbé ọwọ́ lọ sórí láti kábàámọ̀ nígbà tí ariwo ta. Ọwọ́ náà yà bàrá lójú ọ̀nà, ó di ọwọ́ ìṣẹ́gun.

"Ẹ wo páàsì!" ni wọ́n ń ké, àwọn ará Ọ̀yọ́ gan-an pẹ̀lú wọn. "Ẹ wo páàsì ọmọkùnrin!"

Anas sún mọ́ ọn. "Sími, páàsì nìyẹn?"

"Kí lo rò pé ó jẹ́?"

"Mo rò pé ó bọ́ lọ́wọ́ ẹ ni."

"Ojú ni," ni Dárasími wí. "O ò lè mọ̀."

Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ láti pápá dé abẹ́ àtíbàbà. Ní ìṣísẹ̀ karùn-ún, irọ́ ni ó ń pa. Ní ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ó ti gbà á gbọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ìjókòó, mà."

"Dìde. Kí ni wọ́n ń pè ẹ́?"

"Ẹ̀fúùfù, mà."

"Èyí tí ìyá ẹ mọ̀ ni mò ń bi ẹ́."

"Dárasími, mà."

Ìyáàfin Comfort mú fọ́ọ̀mù kan jáde. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó wà lábẹ́ ìwé rẹ̀, Kóòṣì Ebenezer tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sì rí i. "Fífò ẹ, mo ti rí i lórí fóònù kí n tó wá. Mo sọ lójú ọ̀nà pé mi ò ní mú ẹ. Páàsì tó kẹ́yìn yẹn ló yí mi lọ́kàn padà. Òsì, èèyàn méjì níwájú ẹ, o sì gbé e fún ẹni tó dá wà. Ṣé o rí i lóòótọ́?"

Kóòṣì Ebenezer wo ilẹ̀.

Ó yẹ kí ó dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," kí ó sì dákẹ́. Fọ́ọ̀mù náà ti ń bọ̀ wá sí ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó tilẹ̀ nà.

"Mo rí i dáadáa, mà," ni Dárasími wí. "Mo ti ń wò ó látìgbà tó ti ẹ̀yìn bọ̀. Àní nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí kí n tó jù ú."

"Ẹ̀n-ẹ́n, ìyẹn dáa. Ojú mi ò gbé e láti ibí." Ìyáàfin Comfort fa ìwé orúkọ ẹgbẹ́ wọn jáde, ó sì gbé bírò rẹ̀ lé e. "Nọ́ńbà mélòó ni?"

Dárasími bojú wẹ̀yìn. Timothy jókòó sílẹ̀ ní ọ̀kánkán, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń ti bàtà rẹ̀ bọ inú ọ̀rá. Ó rẹ́rìn-ín sí wọn.

"Mẹ́sàn-án ni, mà," ni Dárasími wí.

Ẹgbẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní nọ́ńbà mẹ́sàn-án.