Máwọlé Tó Wọlé

Ìjọba kan wà lórí tábìlì onípákó kan. Kò tóbi ju ibi tí èèyàn mẹ́rin lè jókòó jẹun lọ, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ gbà pé ayé parí sí etí tábìlì náà. Ìbọn ni ọba wọn. Ó nà gbọọrọ sí àárín ìlú, torí pé nílùú yẹn ọba kì í jókòó. Nínú ara ọba yìí ni yàrá kan wà, ilẹ̀kùn irin ló ń tì í. Ẹni tó bá ń lọ síjà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ yàrá yẹn, kí ilẹ̀kùn tì mọ́ ọn lẹ́yìn pinpin, kí iná tó sọ.

Ẹni tó ń lọ síjà ni Karawun, ọmọ idẹ, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọwọ́. Òun ló ń gbé etù sínú, tó ń gbé òjé sórí. Olóyè Kápù, kékeré báyìí, máa ń jókòó sí ìdí rẹ̀, òun ni iná ń kọ́kọ́ ti ara rẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá tijà dé, wọ́n á tún rọ àwọn méjèèjì kún, wọ́n á tún lọ. Òfin ìlú ni pé kí Kápù jókòó wọlẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá fi àtàǹpàkò ra ìdí Karawun, orí Kápù ò gbọdọ̀ yọ. Kápù kórìíra òfin yìí. Ó ní olóyè wo ló ń jókòó sínú ihò.

Ìbejì kan tún wà, irin làwọn náà, àwọn ni wọ́n fi ń wọn yàrá ọba. Wọ́n fín orúkọ kálukú sí àtàrí rẹ̀: Wọlé ni ọ̀kan, Máwọlé ni ìkejì. Ìwọ̀n irun orí kan péré ni Máwọlé fi gùn ju Wọlé lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ ìjà, Wọlé á wọ yàrá ọba, ilẹ̀kùn á tì, wọ́n á ní ara ọba le. Máwọlé á tẹ̀ lé e, ilẹ̀kùn ò ní lè tì, wọ́n á tì í jáde, wọ́n á ní ara ọba le gan-an. Iṣẹ́ rẹ̀ láyé nìyẹn, kí wọ́n má gbà á wọlé. Bó sì ṣe ṣe é dáadáa tó, kò sẹ́ni tó kí i kú iṣẹ́ rí. Síbẹ̀, gbogbo ọjọ́ ìjà ló máa ń nu ara rẹ̀ dán kó tó lọ, bí ẹni tí wọ́n pè síbi ìgbéyàwó.

Karawun nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀. Òun ló gé orúkọ rẹ̀ kúrú.

"Má, báwo lónìí?"

"Wọ́n lé mi."

"A dúpẹ́. Jẹ́ n máa lọ nìyẹn."

Ó wá di ọjọ́ kan, Karawun tijà dé, ìbàdí rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ó ń dán yíká bí ẹni tó so bèbè. Kápù náà sì ti yọ sókè lórí ìjókòó rẹ̀.

"Ẹ wò mí," Kápù wí. "Mo ti ga. Kábíyèsí ló gbé mi sókè."

Nígbà tí ọjọ́ ìjà tún pé, Wọlé wọlé, ó jáde. Máwọlé náà lọ. Ilẹ̀kùn tì mọ́ ọn.

Ó ṣókùnkùn níbẹ̀, ó sì tutù. Gbogbo ọdún tó ti ń ronú nípa yàrá yẹn, kò rò ó rí pé kò ní sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Nígbà tó fi máa jáde, Epo, akígbe ọba, ti da ara rẹ̀ sílẹ̀ káàkiri ìlú nítorí ayọ̀. Wọ́n ní kí àlejò ọba wá sọ̀rọ̀ nígbìmọ̀.

"Kábíyèsí, ẹ̀yin olóyè," Máwọlé wí, "ẹ má bá mi yọ̀. Èmi ò kéré sí i, yàrá ló fẹ̀. Ilẹ̀kùn ti sún sẹ́yìn. Ààyè tó gbà mí yẹn ló na Karawun ní ìbàdí, òun náà ló ti Kápù sókè, kò sẹ́ni tó gbé e ga. Bí Karawun bá wọlé lónìí, á já sí méjì, iná á sì padà sẹ́yìn wá bá gbogbo wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán an lọ."

"Ìlara ni," Kápù wí.

"Ẹ gbọ́ o," Epo wí. "Ó wọlé lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti fẹ́ di onílẹ̀kùn."

Ọba ní, "Ṣé o ní mo ti darúgbó ni?"

"Mo ní ẹ ti fẹ̀ ni, Kábíyèsí."

"Ọba tó fẹ̀, ọba ọ̀làwọ́ ni," Epo dáhùn kíá.

Inú ọba dùn. Ó ní, "Kò sí ohun tó ṣe yàrá mi. Orúkọ yìí ló ní àléébù. Ẹni tó ti wọlé mi, tí wọ́n ṣì ń pè ní Máwọlé, ìwọ̀sí ni. Ayùn, bá mi ha Má yẹn kúrò lórí rẹ̀. Kápù náà, kó máa jókòó bó ṣe wù ú."

Wọlé dìde. "Kábíyèsí, ẹ dákun, èmi ni Wọlé. Bí ẹ bá pe Wọlé, ta ló máa dáhùn?"

"Ẹni tó bá wà nítòsí."

Ayùn, tó ń ha irin nílùú, ha á. Ìyẹ̀fun irin díẹ̀ bọ́ sílẹ̀, Epo sì fi ara pa ojú ibẹ̀.

Wọ́n pe Karawun. Bó ṣe ń kọjá lọ, ó dúró.

"Báwo lónìí," ó wí, ó wá ń wá orúkọ. "Kí ni kí n máa pè ọ́ báyìí?"

"Bó o ṣe ń pè mí."

"Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ pè é mọ́."

Ó wọlé, ilẹ̀kùn tì. Kí iná tó sọ, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún: "Má." Àwọn kan ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń pè. Àwọn kan ní ọba ló ń bá wí.

Karawun já níbàdí. Ilẹ̀kùn fò kúrò lórí tábìlì, Epo jó tán, ọba là láti yàrá dé ọrùn. Wọ́n bá Kápù nínú àjà. Ó ga tó bó ṣe fẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, ọba tuntun dé, àwọn tó ṣẹ́ kù sì ti gbọ́n. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa lọ síjà àfi kí ìbejì kọ́kọ́ lọ wo yàrá. Wọlé wọlé, ilẹ̀kùn tì. Ìkejì rẹ̀ nu ara rẹ̀ dán, ó wọlé. Ilẹ̀kùn tì jẹ́jẹ́.

Wọ́n kó ẹnu jọ síbi ilẹ̀kùn. "Ṣé ọba yìí náà ti fẹ̀ ni, àbí ìwọ lo kúrú látìgbà tí Ayùn ti ha ọ́ lórí?"

Ohùn rẹ̀ jáde láti inú lọ́hùn-ún.

"Mi ò mọ̀."

Kò sẹ́ni tó wọlé lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ó wà níbẹ̀ nínú òkùnkùn, ó fi àtàrí ti ilẹ̀kùn, níbi tí Má wà tẹ́lẹ̀, ó ń retí kí wọ́n lé òun.