Etí Tí Wọ́n Jù sí Òkun

7 (ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti ya)

…àti pé ẹni tó bá tún pe bàbá òun ní òpùrọ́, kó wá sí Òdè-Omi, kó wá fojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹ̀yìn ìwé ìdánwò físíìsì kan ni Hidayah kọ ọ́ sí, nínú mọ́tò, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ ọ́.

1

FÍDÍÒ. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Iyanrìn. Àwọ̀n. Nínú àwọ̀n: irin gbọọrọ méjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ọmọ odó, ó nípọn tó agolo mílíìkì. Ọ̀kan ní àpò rọ́bà pupa lórí, pẹ̀lú wáyà tó lọ́ mọ́ ara wọn. Èkejì ní ìdérí nímú.

Ohùn ọkùnrin kan:

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ nǹkan yìí, kó sọ fún wa. Waris lorúkọ mi. Apẹja ni mí ní Òdè-Omi. Àwọ̀n mi ló gbé e. Wọ́n ní bọ́ǹbù ni, gbogbo àdúgbò ti sá lọ sí Abigi. Èmi ò lè sá. Àwọ̀n tuntun ni."

2

Hidayah ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò físíìsì ní yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Ibẹ̀ ló ti rí fídíò náà, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń so òkúta mọ́ òwú, tí wọ́n ń ka iye ìgbà tó fì.

Ó jókòó. Ó dìde. Ó tún jókòó.

Bàbá rẹ̀, Àbdùlgàfár, ti pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Sójà òfurufú ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n rán an lọ kọ́ṣẹ́ lókè òkun, ó sì jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ òfurufú tó ń ṣọ́ òkun, ó fi nǹkan dí etí méjèèjì, ó ń gbọ́ ohun tó ń lọ lábẹ́ omi. Ohun tó sọ nìyẹn. Ogójì ọdún ló fi ń sọ ọ́ ní Òkè-Àgbò: a máa ń ju etí sínú òkun, etí náà á sì máa sọ̀rọ̀ fún wa.

Àbúrò rẹ̀, Jubril, ló sọ ọ́ di àwàdà. Níbi ìkómọ, níbi wòlímọ́tù, á ní, "Ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti gbọ́ ibi tí ẹja ti ń wúkọ́ rí." Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín. Bàbá náà á rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Hidayah nígbà tó kọ́kọ́ rí i pé ẹnu nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ojú kò bá a dá sí i.

Nígbà tó dàgbà, ó kà á nínú ìwé pé irú etí bẹ́ẹ̀ wà láyé. Ohun tí kò sí nínú ìwé kankan ni bóyá bàbá òun fọwọ́ kan ọ̀kan rí. Kò béèrè. Ó bẹ̀rù ìdáhùn.

Ó sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n máa ka ìfì lọ. Bóyá wọ́n ṣì ń kà á.

3

LÁTINÚ ÌWÉ ÀKỌSÍLẸ̀ BÀBÁ
*Ohun tí ọkọ̀ òfurufú tó ń ṣọ́ òkun máa ń gbé*

OJÚ. Rédà ni, ó wà níkùn ọkọ̀. Ó ń rí igi tó léfòó lójú omi nígbà tí ìwọ ò lè rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ.

OJÚ KEJÌ. Ooru ni tirẹ̀. Bí wọ́n bá ń se ẹ̀wà nínú ọkọ̀ ojú omi, o ti mọ̀.

IMÚ. Ìrù gígùn lẹ́yìn ọkọ̀. Ó ń gbọ́ òórùn irin lábẹ́ omi. (Mágínẹ́ẹ̀tì ni. Má sọ fún Jubril pé imú ni.)

ETÍ. À ń jù ú. Ó ń léfòó, ó ń sọ wáyà sísàlẹ̀, ó ń gbọ́, ó ń fi rédíò ròyìn. Bí wákàtí rẹ̀ bá pé, ó yẹ kó rì fúnra rẹ̀.

INÁ. À ń jù ú láti fi sàmì sójú omi. Ó ń rú èéfín.

Ẹ̀ṢẸ́. Tọ́pídò. Ó ń wá ẹni tó fẹ́ lù fúnra rẹ̀.

Ẹ̀ṢẸ́ KEJÌ. Bọ́ǹbù tó ń rì kó tó bú.

*Mi ò ju ẹ̀ṣẹ́ rí. Etí ni mo jù.*

4

Òkè-Àgbò, nínú pálọ̀. Etí bàbá fúnra rẹ̀ ti ń wúwo.

HIDAYAH: Bàbá mi, ẹ wo fídíò yìí.
BÀBÁ: Fìtílà wo?
HIDAYAH: Fídíò.

(Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹfà. Rárá. Lẹ́ẹ̀meje.)

BÀBÁ: Èyí tó ní àpò pupa, etí ni.
HIDAYAH: Èkejì ńkọ́?
BÀBÁ: Iná. Fìlà mi dà?
HIDAYAH: Ṣé ó léwu?
BÀBÁ: Oríṣi méjì ló wà. Bí omi bá wọnú ọ̀kan, ó gbiná. Bí afẹ́fẹ́ bá kan èkejì, ó gbiná.
HIDAYAH: Èwo wá nìyí?
BÀBÁ: Ọ̀dà tí wọ́n fi yí i lọ́rùn ló ń sọ ọ́. Bí mo bá rí i, mo máa mọ̀ ọ́n.

5

Àtẹ̀jíṣẹ́, lórí fóònù. Hidayah ti wá nọ́ńbà Waris rí.

HIDAYAH: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kan èyí tó ní ìdérí nímú.
WARIS: Mo ti fọwọ́ kàn án. Mo ti ṣí ìdérí náà díẹ̀.
HIDAYAH: Ṣé orí ilẹ̀ ló wà àbí inú omi?
WARIS: Orí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n gbé e sínú omi kó lè tutù.
HIDAYAH: Ṣé ẹ ti gbé e síbẹ̀?
WARIS: Ó wà nínú garawa.
HIDAYAH: Ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀.
HIDAYAH: Ẹ má fi í síbẹ̀.
HIDAYAH: Bàbá mi ní kí ẹ ṣá jìnnà sí i.
WARIS: Àwọ̀n mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

6

Jubril ló gbé wọn lọ, nítorí òun ló ní mọ́tò, àti nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n wá ròyìn rẹ̀ fún òun.

JUBRIL: Bó bá wá jẹ́ sílíńdà gáàsì ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?
BÀBÁ: Kí lo wí?
JUBRIL: Mo ní kí Ọlọ́run ṣọ́ wa.
BÀBÁ: Àmín. Mo gbọ́ sílíńdà.

7

Òun la fi ṣíde.

8

Páálí tí wọ́n kàn mọ́ igi lọ́nà etí òkun:

Ẹ MÁ KỌJÁ. NǸKAN WÀ NÍBẸ̀.
*Ẹgbẹ́ Apẹja*

Lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mìíràn: *Waris, jáde.*

Lábẹ́ ìyẹn: *Mò ń bọ̀.*

9

Waris kò jáde. Ó jókòó ní nǹkan bí ogún ẹsẹ̀ bàtà sí garawa, ó ń fi igi gígùn fa etí àwọ̀n rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin tó ga, ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá láìfi igi sílẹ̀.

Bàbá bọ́ bàtà. Ó gba fóònù Hidayah, ó dojú kámẹ́rà rẹ̀ kọ garawa, ó fa àwòrán náà súnmọ́ra, ó wo ọrùn irin tó wà nínú garawa.

"Kí lẹ rí?" Hidayah béèrè.

"Kò sí ọ̀dà kankan níbẹ̀. Òkun ti lá a tán."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ran Hidayah. Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀ lójú oòrùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rin ní ìhà, nígbà tí Jubril sọ láti ẹ̀yìn pé:

"Kí nìyẹn?"

Èéfín. Tín-ín-rín, funfun, ó ń jáde lẹ́nu garawa.

Waris ju igi sílẹ̀, ó sáré. Kì í ṣe sẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ àwọ̀n ló ń sáré lọ. Bàbá, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tí kì í lè dìde lórí àga láìsọ Bísímílà lẹ́ẹ̀mejì, fò mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣubú sórí iyanrìn. Garawa là. Iná funfun yọ, ó ga ju èèyàn lọ, ó ń hó, èéfín sì bo òkun lójú.

Nígbà tó rọlẹ̀, ìdajì àwọ̀n ti lọ. Waris ṣì wà.

"Èyí tí kò fẹ́ omi ni," bàbá wí, iyanrìn kún irùngbọ̀n rẹ̀. "Mo ti wá rántí."

10

Lẹ́yìn náà, ó lọ síbi etí.

Kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wo òkun, ó ń bá Waris sọ̀rọ̀, ó ń tọrọ àforíjì nítorí àwọ̀n, àtàǹpàkò rẹ̀ sì rìn gba ara irin náà fúnra rẹ̀, ó yà, ó kọjá lórí ìlà kan, ó dúró lórí bọ́tìnì kékeré tí ìpẹ́ òkun bò.

"Ibí la ti ń sọ fún un iye wákàtí tó máa gbọ́," ni ó wí.

Hidayah ha ìpẹ́ náà kúrò. Nọ́ńbà wákàtí wà lábẹ́ rẹ̀.

11

Jubril jókòó sórí iyanrìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí náà.

"Ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí ẹ bá jù ú, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ gbọ́?"

Láti ogójì ọdún, òun ni ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́.

"Òjò," bàbá dáhùn. "Bí òjò bá ń rọ̀ sórí òkun, o ò lè gbọ́ nǹkan mìíràn."

12

Ọkọ̀ ojú omi kan gúnlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀, ó ní Ernest lorúkọ òun, ó mú ìwé lọ́wọ́. Ìwé náà kò sọ ọ́fíìsì tó ti wá.

ERNEST: Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ kàn fọwọ́ sí i níbí.
BÀBÁ: Wọ́n kọ "ohun èlò ojú ọjọ́" síbí.
ERNEST: Bẹ́ẹ̀ ni, sà.
BÀBÁ: Kì í ṣe ti ojú ọjọ́. Etí ni. Ẹnìkan ló jù ú. Ta ni, kí ló sì ń wá lábẹ́ omi wa?
ERNEST: Bàbá, mi ò mọ̀. Mo fi Ọlọ́run búra. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó kúrò lọ́hùn-ún.
HIDAYAH: Bí kò bá fọwọ́ sí i ńkọ́?
ERNEST: Á jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Wọn ò sì ní fún Waris ní àwọ̀n mìíràn.

Waris yí ojú sí òkun. "Bàbá," ni ó wí, "ohun tí ẹ bá kọ náà ni mo rí."

"Ẹ má fọwọ́ sí i, ẹ̀gbọ́n," ni Jubril wí. Jubril ló sọ ọ́.

Bàbá gba bírò. Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì fi eékún ṣe tábìlì.

13

OHUN TÍ A RÍ: ~~Ohun èlò ojú ọjọ́~~ Etí
IBI TÍ A TI RÍ I: Òdè-Omi
ẸNI TÓ MỌ̀ Ọ́N: Àb… (ìyókù rẹ̀ ti ya)