Ariwo Inú Káàdì Bàbá

3 (ìyókù rẹ̀)

…tí kò sì dún. Àbígbẹ̀yìn pa á, ó tún tàn án. Kò dún. Iná kékeré ń ṣẹ́jú níwájú kọ̀ǹpútà náà, ṣùgbọ́n sípíkà méjèèjì yadi.

Ẹ má bi mí léèrè apá ìkínní àti ìkejì. Mo kọ wọ́n, mo sì fà wọ́n ya. Inú ìkínní ni Bàbá ti kú, n kò sì rí i kọ kó dùn ún kà.


4. ÀWỌN TÓ WÀ NÍBẸ̀

Màmá. Opó ni. Etí rẹ̀ ń lọ.

Àbígbẹ̀yìn, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó ń tún rédíò ṣe, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ débi tó fi máa ń bínú sí iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n, ọmọkùnrin Màmá. Òkèèrè ló wà, fóònù ló fi ń darí ilé.

Kọ̀ǹpútà kan tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Káàdì ohùn kan nínú rẹ̀, òun ló ń mú un dún, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Orin kan.


5. ÌWÉ LÁTI ỌWỌ́ ONÍṢÈGÙN ETÍ

Etí òsì: kò gbọ́ mọ́.
Etí ọ̀tún: ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Kí ẹbí má retí ju oṣù méjì lọ.
Ẹ má pariwo mọ́ ọn. (Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé.)


6.

Olùkọ́ orin ni Bàbá. Lọ́dún tí kọ̀ǹpútà náà ṣì jẹ́ tuntun, ó jókòó tì í, ó ṣe orin kan fún ìyàwó rẹ̀. Kò gba ohùn kankan sílẹ̀. Àṣẹ ló kọ sínú rẹ̀ fún káàdì: gbé ohùn yìí, gbé tọ̀hún, sinmi. Káàdì mìíràn lè tẹ̀lé àṣẹ náà, ṣùgbọ́n ohùn ara tirẹ̀ ni yóò fi tẹ̀lé e. Àbígbẹ̀yìn ti dán ìyẹn wò nígbà tí etí Màmá ṣì mú. Màmá ní, ta nìyí?

Báyìí, ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè. Ó fẹ́ gbọ́ orin ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí etí ọ̀tún tó tì pa.


7. ÌWÉ IṢẸ́ ÀBÍGBẸ̀YÌN

Ọjọ́ Ajé. Yọ káàdì. Gbọn eruku. Fi rọ́bà ìpàwérẹ́ nu eyín rẹ̀ tó fi wọ inú kọ̀ǹpútà. Kò dún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Pààrọ̀ wáyà sípíkà. Kò dún. Mo sọ̀rọ̀ sí i. Kò dáhùn.

Ọjọ́rú. Mo ti rí i. Káàdì yìí àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jọ di nọ́ńbà keje mú, ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì fi ń pe kọ̀ǹpútà. Àgbò méjì kò lè mumi nínú akèrègbè kan. Mo ṣí fìlà ike kékeré kúrò lórí ìkeje, mo fi dé ìkarùn-ún.

Ó          D  Ú  N.


8.

Ó dún, ṣùgbọ́n ariwo kan ń kùn lábẹ́ orin náà, ó ń wú bí orin bá wú, ó ń rọ̀ bí orin bá rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò pe Màmá. Ó fọwọ́ tọ ògiri jáde láti yàrá, ó jókòó, ó ń fi ìka lu tábìlì. Ó ní bàbá wọn ti tan nǹkan rẹ̀ nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kọ ọ́. Kò ṣi ibì kankan.

Ojú ti Àbígbẹ̀yìn nítorí ariwo náà.

Ó pa á kí orin tó dé ìdajì.


9. LÓRÍ FÓÒNÙ

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́ èyí tí o fi ránṣẹ́. Ṣé orin ni àbí ọkọ̀ akẹ́rù?
ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ni mo gbà. Àwọn kápásítọ̀ rẹ̀, agolo kéékèèké tó ń tọ́jú iná, ti gbẹ. Mẹ́jọ.
Ẹ̀GBỌ́N: Má gba ìyókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá kì í gbé iṣẹ́ onídọ̀tí jáde. Tún un ṣe tán ná.
ÀBÍGBẸ̀YÌN: Màmá ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni Màmá mọ̀ nípa kápásítọ̀?

Kò mọ nǹkan kan nípa wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà pé àwọn mọ̀ jù ú lọ.


10. ÌWÉ IṢẸ́ ÀBÍGBẸ̀YÌN

Ọjọ́ Ẹtì. Mo yọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Mo gé ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n lè tètè jáde. Mo fi òjé lẹ tuntun mẹ́jọ. Mo gbálẹ̀. Ọkọ̀ akólẹ̀ wá láàárọ̀, ó kó àwọn àtijọ́ lọ.

Mo tàn án. Kò sí ariwo rárá. Orin náà mọ́ bí omi òwúrọ̀. Orí mi wú.


11. OHUN TÍ FÓÒNÙ GBÀ SÍLẸ̀ FÚN Ẹ̀GBỌ́N

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Màmá, ẹ jókòó dáadáa. Ó ti yá.
MÀMÁ: Mo ti jókòó.
[Orin bẹ̀rẹ̀.]
[Orin ń lọ.]
[Orin ń lọ.]
MÀMÁ: Ó yá, tàn án.
[Orin ń lọ.]
MÀMÁ: Àbí iná ti lọ ni?


12. Ẹ̀YÌN ÌWÉ ONÍṢÈGÙN, TÍ ẸNIKẸ́NI KÒ TÈTÈ YÍ WÒ

Ohùn tínrín ló kọ́kọ́ lọ. Ohùn tó ń kùn nísàlẹ̀ nìkan ló kù fún un.


13. OHUN TÍ ÀBÍGBẸ̀YÌN TI GBÌYÀNJÚ

Ó yí sípíkà sókè dé òpin. (Aládùúgbò wá kanlẹ̀kùn.)
Ó gbé fáànù sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà. (Màmá ní òtútù ń mú òun.)
Ó fa fíríìjì wá sí pálọ̀. (Màmá ní, "Ọmọ mi, fíríìjì nìyẹn.")
Ó lọ wá àwọn kápásítọ̀ gbígbẹ náà ní ààtàn. Ààtàn náà tóbi.


14. ÀTẸ̀JÍṢẸ́ LÓRÍ FÓÒNÙ

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi ni mo ní kí o tún un ṣe.
ÀBÍGBẸ̀YÌN: Èmi ni mo tún un ṣe.

(Ẹ̀gbọ́n ń kọ nǹkan. Ẹ̀gbọ́n dáwọ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n ń kọ nǹkan.)


15. ÌKÉDE FÚN ÀWỌN TÓ Ń TÚN KỌ̀ǸPÚTÀ ÀTIJỌ́ ṢE

Mo ń wá káàdì ohùn irú èyí tó wà nínú àwòrán yìí. Kí ó máa kùn. Kí kápásítọ̀ rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má tíì tún un ṣe.

Ìdáhùn mọ́kànlá. Gbogbo wọn ló ń kọ́ ọ bí a ṣe ń mú ariwo kúrò.


16.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn ìwé oníṣègùn rèé. Lójoojúmọ́, bí Màmá bá ti wẹ̀ tán, ó ń jáde wá jókòó síwájú sípíkà, ó kọ etí ọ̀tún sí i, ó ń béèrè pé ṣé ó ti yá. Àbígbẹ̀yìn ń dá a lóhùn pé ó kù díẹ̀. Ó ń la ẹnu rẹ̀ dáadáa kí ìyá rẹ̀ lè fi ojú kà á.